Ilẹ̀kùn Ààfin Ìkẹ́rẹ́: Bí Orúkọ Gbẹ́nàgbẹ́nà Kan Ṣe Sọnù, àti Àwọn Tó Wá A Rí

Ní ọdún 1924, ilẹ̀kùn onígi kan kúrò ní ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé e dúró ní Wembley, níbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ohun tó wà ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ àṣẹ rẹ̀ han aráyé. Wọ́n mọ ìlú tó ti wá. Wọ́n mọ ọba tó ni ín. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ ni kò bá a lọ.

Onítọ̀hún kò sì tíì kú. Ó wà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, ó ń gbẹ́ igi, ó ní aya, ó ní ọmọṣẹ́, àwọn ọba agbègbè náà sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọdún 14 ló tún lò láyé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn náà ti lọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ẹnì kan bá rán ikọ̀ lọ béèrè, ọjọ́ kan ni ikọ̀ náà ì bá fi lọ kó sì fi bọ̀.

Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe ṣẹlẹ̀, fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ohun àtijọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ìdílé, àti ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà tí àáké ṣì wà lọ́wọ́ yín. N kò ní tíì dá orúkọ ọkùnrin náà. Ibi tí ìwé ti kọ́kọ́ dá a ni èmi náà yóò ti dá a, kí ẹ lè mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó.

Ọkùnrin náà àti iṣẹ́ rẹ̀

Nǹkan bí ọdún 1873 ni wọ́n bí i ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú tí ọnà gbígbẹ́ ti jẹ́ iṣẹ́ àjogúnbá. Ó ṣí lọ sí Ìsẹ̀-Èkìtì, ibẹ̀ ló sì di ilé rẹ̀ títí ó fi kú. Ó kọ́kọ́ ń ṣe ìránṣẹ́ Arínjalè, ọba Ìsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin ọ̀gá rẹ̀ kan náà. Òkìkí rẹ̀ kàn. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ránṣẹ́ pè é, ó sì ṣiṣẹ́ ní ààfin Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914.

Òpó kan lára èyí tó gbẹ́ níbẹ̀ wà ní Art Institute of Chicago, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Amẹ́ríkà, lónìí. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, ẹyẹ bà lé adé rẹ̀. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba fíìfíì, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ìtẹ́. Nísàlẹ̀, àwọn ẹni kékeré wà lẹ́sẹ̀ ọba, ìyàwó kan kúnlẹ̀, ẹnì kan ń fọn fèrè. Ẹ wo ibi tí agbára òpó wà: ara olorì ni. Bí ẹ bá yọ ọba kúrò níbẹ̀, òpó á ṣì dúró. Bí ẹ bá yọ olorì, òrùlé dé ilẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ronú débẹ̀ mọ ilé ọba ju ẹni tó kàn ń wá owó ọ̀yà lọ. Nítorí mo mọ̀ pé ẹmẹsẹ̀ ọba ni tẹ́lẹ̀, kò yà mí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ilẹ̀kùn, torí òun gan-an ni ọ̀ràn yìí dá lé. Abala méjì ni. Ó pín abala kọ̀ọ̀kan sí yàrá yàrá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì kó ènìyàn sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ní abala kan, Ògògà jókòó, ayaba wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní abala kejì, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Captain Ambrose ń bọ̀ wá kí ọba, àwọn ènìyàn gbé e léjìká, àwọn aláàárù ru ẹrù tẹ̀ lé e. Òyìnbó ká orúnkún jọ nínú ibi tí wọ́n fi gbé e. Ọba jókòó gbọnrangandan, kò mira. Ẹni tó bá dàgbà ní ààfin Èkìtì kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ẹni tí gbẹ́nàgbẹ́nà kà sí onílé, àti ẹni tó kà sí àlejò.

Ní ti ọwọ́ iṣẹ́: lára ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ọlọ́nà ilẹ̀ wa, àwòrán máa ń lẹ̀ mọ́ pákó ni, bí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ síta, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já kúrò lára pákó. Wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa bí wọ́n ti ń lọ, síbẹ̀ wọ́n yí orí padà wá wo ẹni tó dúró níwájú ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn wọn náà kò ṣófo. Ó fi ọnà oríṣiríṣi kún un, ó sì kun ún lọ́dà, àfi bí aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn wọn.

Kí àwòrán tó lè yọ síta báyẹn, pákó tó nípọn ni gbẹ́nàgbẹ́nà gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, kó sì gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù. Bí igi náà bá tún wá jẹ́ irú ìrókò, tí kì í tẹ̀ fún irin lásán, ẹ ro iye ìgbà tí yóò pọ́n àáké lóòjọ́. Bí irin bá yẹ̀ ní ìbú ìka kan, orí ẹnì kan ti lọ, kò sì sí gọ́ọ̀mù tí wọn yóò fi lẹ̀ ẹ́ padà. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí yọ ni pé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í fara pamọ́. Ẹni tó bá ti rí i nígbà kan, á mọ̀ ọ́n níbòmíràn. Èyí ló gba orúkọ ọkùnrin náà là níkẹyìn, tàbí kí n sọ pé ó gba ìdajì rẹ̀ là.

Ìdúnàádúrà

Lẹ́yìn ìpàtẹ Wembley, British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ kí ilẹ̀kùn náà máa gbé ọ̀dọ̀ wọn. Ògògà kò tà á. Ohun tó sọ ni pé bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n ṣe àga ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbà. Ìtẹ́ wá sí Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn kò sì padà wálé mọ́.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bú ọba náà, pé ó gbé ìṣúra fún aláwọ̀ funfun, ó gba àga. N kò bá wọn bú u. Lójú tèmi, ó ṣe bí ọba. Ó kọ̀ kí wọ́n fi owó díye lé ohun ààfin. Ohun ọlá ló fi ṣe pàṣípààrọ̀ ohun ọlá. Ó sì mọ̀ pé ọwọ́ tó gbẹ́ ti àkọ́kọ́ ṣì ń bẹ láyé. Ohun tó dùn mí nínú ìdúnàádúrà yẹn kì í ṣe iye tí wọ́n san. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ka gbogbo ohun tó yẹ kó bá ilẹ̀kùn lọ, orúkọ kò sì sí nínú rẹ̀.

Ìdí tí orúkọ kò fi bá a lọ

Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn òyìnbó, wọ́n sì ní tiwọn níbẹ̀. Lásìkò yẹn, bí ère bá ti Áfíríkà dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀yà ló ṣe é, kì í ṣe ènìyàn. “Yorùbá” ni wọ́n kọ sí ibi tó yẹ kí orúkọ baba ènìyàn wà. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ gbà pé agbẹ́gilére ilẹ̀ wa kì í lérò tirẹ̀, pé ohun tí bàbá ńlá rẹ̀ ṣe lòun náà ń ṣe. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ wà níwájú wọn, tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ irú rẹ̀ rí, síbẹ̀ èrò yẹn kò yí padà.

Ṣùgbọ́n ilé náà ní tirẹ̀, mo sì fẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó pe iṣẹ́ ló ni iṣẹ́. Ilẹ̀kùn Ògògà ni wọ́n ń pè é, wọn kì í pè é ní ilẹ̀kùn lágbájá gbẹ́nàgbẹ́nà. Bẹ́ẹ̀ sì ni a kì í ṣàdédé dá orúkọ àgbà fún àlejò. Orúkọ ènìyàn ní agbára lára. Ẹni tí a kò mọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé e lọ bí ìgbà tó ń gbé ẹrù. Ibi tí a ń tọ́jú orúkọ sí ni oríkì, ẹnu obìnrin ilé ni oríkì sì pọ̀ sí jùlọ. Ajẹ́lẹ̀ tó wá bá ọba dúnàádúrà kò lè gbọ́ oríkì gbẹ́nàgbẹ́nà. Kò sí ọ̀nà tí yóò fi dé àgbàlá ibi tí wọ́n ti ń kì í.

Nítorí náà orúkọ náà kò sọnù nílé rárá. Èdè tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ ni ẹni tó gbé ilẹ̀kùn lọ kò gbọ́. Ibi tí ọ̀ràn náà ti wọ́ gan-an nìyí, mo sì ń rí irú rẹ̀ títí di òní nínú àwọn ilé tó ní ilẹ̀kùn àtijọ́: àwọn ọmọ ilé mọ baba tó gbẹ́ ẹ, wọn kò rò pé ó yẹ ní sísọ. Àwọn tó wá ya fọ́tò kò rò pé ó yẹ ní bíbéèrè.

Ní 1938, gbẹ́nàgbẹ́nà náà kú ní Ìsẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ orúkọ náà sílẹ̀

Ọdún mẹ́fà kọjá. Ní 1944, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Philip Allison kọ àpilẹ̀kọ kúkurú kan sínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Nigeria. Òṣìṣẹ́ igbó ọba ni Allison, iṣẹ́ igi ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé èyí kò ṣẹ̀yìn ohun tó rí. Ẹni tó mọ bí ìrókò ti le tó nígbà tó ṣì dúró nínú igbó ni yóò béèrè ẹni tó sọ ọ́ di báyìí. Ó dárúkọ ọkùnrin náà: Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀.

Bí orúkọ ti dé orí ìwé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tò lọ bá a. Òpó kan ní ìlú yìí, ilẹ̀kùn kan ní tọ̀hún, ọpọ́n kan nínú àpótí gíláàsì ní ilẹ̀ òkèèrè: àwọn tó mọ ọnà wò wọ́n, wọ́n ní ọwọ́ kan náà ni. Ọpọ́n tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà ilẹ̀ Áfíríkà ní Washington wà lára wọn. Àwọn ẹni tó kúnlẹ̀ ló gbé ọpọ́n náà dání yí ká, orí ènìyàn kan sì wà láàárín wọn, tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí kò lè jáde. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ó gba àlàfo tí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wọ̀ kọjá gbẹ́ orí yẹn nígbà tó ṣì wà nínú igi, ó wá gé e kúrò lára igi láìjẹ́ kó bọ́ síta. Bí mo bá ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ohun tí à ń pè ní ìfọkànbalẹ̀ ọwọ́, ọpọ́n yìí ni mo máa ń mẹ́nu bà.

Ṣùgbọ́n wíwo ọwọ́ iṣẹ́ ní ibi tó mọ. Ó lè sọ fún ọ pé ẹni tó gbẹ́ èyí ló gbẹ́ ìyẹn. Kò lè sọ ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń pe irinṣẹ́ rẹ̀, ohun tó ń sọ fún ọmọṣẹ́ nígbà tó bá ṣì í gbẹ́, tàbí bí wọ́n ṣe rí i láwùjọ.

Ẹ fi wé ti Aréògún ti Òṣì, gbẹ́nàgbẹ́nà ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kú ní 1954. Òun àti Bándélé ọmọ rẹ̀ rí ẹni jókòó tì wọ́n. Láàárín 1947 sí 1954, Fáda Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, wà nídìí ilé iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé ń gbẹ́ igi níbẹ̀, Lámídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá-Ọ̀ràngún sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Carroll wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń béèrè, ó ń kọ ọ́. Ìdí nìyí tí a fi ní àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà lákọsílẹ̀ lónìí. Ọnà lílé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kí àáké fi ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò wà hàn lára ìtì igi. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, nígbà tí ojú, etí àti ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí yà sọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni dídán, kí ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló gbẹ̀yìn, tí ọ̀bẹ yóò fi la irun, ilà ojú àti ọnà aṣọ. Lámídì gbé ìmọ̀ yìí dé Yunifásítì Ifẹ̀, ó gbẹ́ ère Odùduwà sí gbọ̀ngàn ibẹ̀ ní 1987, ó sì di olóògbé ní 2009. Ẹsẹ̀ ìmọ̀ náà kò já láti Òṣì títí dé Ifẹ̀, torí pé ẹnì kan béèrè nígbà tí ẹnu ṣì wà láti dáhùn.

Kò sí ẹni tó jókòó ti Ọlọ́wẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Aya rẹ̀ ní 1988

Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, dé Ìsẹ̀. Ìyá àgbà kan ṣì wà láyé nínú àwọn aya Ọlọ́wẹ̀, Olójú-ifun ni orúkọ rẹ̀. Ìyá ki ọkọ rẹ̀, Pemberton sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ka ibi yìí sí orita gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ju 1924 lọ, ju 1944 lọ. Ìdí ni pé oríkì tí ìyá ki jẹ́ ìwé ìṣirò iṣẹ́. Ó pe ọkọ rẹ̀ ní ẹmẹsẹ̀ ọba, ó yin ẹwà àti akíkanjú rẹ̀, ó sọ bó ṣe ń gbẹ́ ìrókò líle bí ẹni pé igbá ló ń gbẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí ka ìlú. Ó ní ẹni tó bá dé ààfin Ògògà, iṣẹ́ ọkọ òun wà níbẹ̀. Ó dárúkọ Ọ̀wọ̀, ó dárúkọ Ìkàrẹ́, ó dárúkọ Ìgèdè, ó dárúkọ Ọ̀gọ̀tún, ó dárúkọ ààfin Déjì ti Àkúrẹ́. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tò jọ, tí wọ́n ń wo ọrùn ère àti ìdúró ẹsẹ̀, ìyá kan ti ní in lórí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé. Kò ka ìwé. Kò rí British Museum. Ó kàn jẹ́ aya tó mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ ń lọ nígbà tó bá gbé àáké kọ́ èjìká.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní 1998, ọ̀mọ̀wé Roslyn Walker ṣe ìpàtẹ kan ní Washington fún iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan. Orúkọ rẹ̀ ló wà lójú ìpàtẹ náà.

Ohun tí mo ń sọ fún àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí

Bí ẹ bá wọ ilé kan láti kọ nípa ilẹ̀kùn tàbí òpó, ẹ má dúró lọ́dọ̀ baálé nìkan. Baálé á sọ ìtàn oyè fún yín, á sọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé. Ẹ tọrọ ààyè kí ẹ kí àwọn ìyá àgbà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ gbé ohun tí wọ́n bá fẹ́ràn dání, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kì í tán kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ lórí fóònù. Tí ẹ bá já lu ọ̀rọ̀ láti béèrè ọdún, ìyá á dákẹ́, ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà kò sì ní jáde mọ́.

Ẹ̀yin tí ilẹ̀kùn wà nílé yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, ẹni tó pè é, àti irú igi tó jẹ́, kí ẹ fi í pamọ́ sí ọ̀dọ̀ ọmọ méjì ó kéré tán. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà láti 1979 kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni gbé ohun àtijọ́ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí oníṣòwò bá wá, tí ó ní òun yóò fi ilẹ̀kùn tuntun onírin pààrọ̀ rẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ rántí òfin yẹn. Àwọn kan ti gbà, wọ́n sì ti kábàámọ̀.

Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ kọ orúkọ yín sára iṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kì í ṣe é. Ìgbà tí àwọn àgbà kì í ṣe é, aya wà nílé tó ń ki ọkọ, ọmọ wà nílé tó ń gbọ́. Mélòó nínú yín ni aya rẹ̀ mọ oríkì iṣẹ́ rẹ̀ báyìí?

Kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun sì máa gbọ́ oríkì bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀rí. Nínú oríkì tí Olójú-ifun ki ní 1988, ibì kan wà tó ti kúrò lórí ààfin àti òpó. Ó ní kìnnìún onígi kan wà tí wọ́n gbé lọ sí ìlú òyìnbó, ọwọ́ ọkọ òun ló sì gbẹ́ ẹ. Gbogbo ènìyàn ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tán. Ẹ lọ yẹ ibi ìpamọ́ yín wò fún kìnnìún.